Òkú Ẹyẹ Yóò Jí: Ìtàn Bí Ẹyẹ Párádísè Ṣe Dé Inú Fíìmù

Ní ọdún 1857, ní abúlé Wanumbai tó wà nínú igbó ní àwọn erékùṣù Aru, bàbá àgbàlagbà kan bi òyìnbó kan ní ìbéèrè. Òyìnbó náà ti ń gbé lọ́dọ̀ wọn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó máa pa ẹyẹ, kó bó awọ wọn, kó fi oògùn sí i, kó sì tò wọ́n sínú àpótí. Labalábá ńkọ́? Ó ń kó o. Ìkarahun ńkọ́? Ó ń kó o. Bàbá náà fẹ́ mọ ohun tí gbogbo òkú wọ̀nyí yóò dà tí ọkọ̀ bá ti wọ òkun. Òyìnbó ní àwọn èèyàn ìlú òun kàn fẹ́ máa wò wọ́n ni. Ta ni yóò gba ìyẹn gbọ́? Ìlú tí aṣọ, ọ̀bẹ àti dígí ti ń wá, ẹyẹ Aru ni wọn yóò tún jókòó máa wò? Bàbá náà kúkú ti ní ìdáhùn tirẹ̀: tí wọ́n bá ti dé orí òkun, gbogbo wọn yóò jí padà. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

Alfred Russel Wallace ni orúkọ òyìnbó náà. Òun fúnra rẹ̀ ló ròyìn ìbéèrè yìí nínú ìwé rẹ̀, The Malay Archipelago, tó jáde ní 1869, ó sì ròyìn rẹ̀ bí ẹni ń sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Àwa náà rẹ́rìn-ín nígbà tí a kà á. Àmọ́ kí a tó ka ìwé náà rárá ni a ti pàdé ọ̀kan nínú irú ẹyẹ tí Wallace ń wá kiri. Orí fóònù ni a ti rí i, nínú fídíò tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí WhatsApp kíláàsì wa: ẹyẹ dúdú kan tó na ìyẹ́ rẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, tí àwọ̀ aró títàn yọ lára rẹ̀ bí ojú àti ẹnu, tó ń ta pọ́ńpọ́n yí abo kan ká. Ọ̀kan nínú wa búra pé kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣe é, pé irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ kò sí láyé. Àríyànjiyàn yẹn ló gbé wa dé inú ìwé, inú ìwé sì ni a ti rí i pé bàbá Wanumbai kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí òótọ́. Àwọn òkú náà jí. Ó kàn pẹ́ díẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí à ń sọ. New Guinea wà ní òkè Ọsirélíà. Lẹ́yìn Greenland, kò sí erékùṣù tó tóbi tó o láyé. Ìdajì rẹ̀ lápá ìwọ̀-oòrùn wà lábẹ́ Indonéṣíà, ìdajì kejì ni orílẹ̀-èdè Papua New Guinea. Ọ̀wọ́ erékùṣù kékeré tó sún mọ́ ọn lápá gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni Aru. Igbó kìjikìji ibẹ̀ ni ilé ẹyẹ Párádísè. Irú wọn lé ní ogójì, yàtọ̀ sí díẹ̀ tó wà ní Ọsirélíà àti ní àwọn erékùṣù Maluku, kò sí ibòmíràn láyé tí èèyàn ti lè bá wọn nínú igbó. Akọ ló ń ṣoge. Òmíràn ní ìyẹ́ wúrà tó ń tú jáde lábẹ́ apá bí omi tó ń ya. Òmíràn ní ìyẹ́ tín-ín-rín mẹ́fà lórí, bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un. Òmíràn ní ìyẹ́ méjì lórí tó gùn ju gbogbo ara rẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì. Àwọ̀ ilẹ̀ lásán ni abo wọn ní. Òun á jókòó, á wo ijó, á yan ẹni tó wù ú. Nínú púpọ̀ wọn, akọ kì í bá abo kọ́ ilé, kì í sì í bá a wá oúnjẹ ọmọ. Ijó ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀.

Ijó yìí gan-an ni ohun tí Yúróòpù kò rí fún ọ̀ọ́dúnrún ọdún. Awọ gbígbẹ ni wọ́n rí. Ọkọ̀ Victoria, òun nìkan tó yí ayé ká délé nínú ọkọ̀ márùn-ún tí Magellan kó jáde ní 1519, gúnlẹ̀ sí Sípéènì ní oṣù kẹsàn-án 1522. Nínú ẹrù rẹ̀ ni òkú ẹyẹ tí ọba Bacan, ní Maluku, fi ránṣẹ́ sí ọba Sípéènì wà. Antonio Pigafetta, tó wà nínú ọkọ̀ náà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ará ibẹ̀ ní láti Párádísè orí ilẹ̀ ayé ni ẹyẹ náà ti wá, pé ẹyẹ Ọlọ́run ni wọ́n ń pè é. Ó tún kọ ọ́ pé ó ní ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ tó tín-ín-rín bí esùsú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé ẹsẹ̀ yẹn, nítorí àwọn ọ̀mọ̀wé gbàgbé rẹ̀ kíá.

Ìdí tí wọ́n fi gbàgbé rẹ̀ kò le. Àwọn ará New Guinea tó ń fi ẹyẹ yìí ṣe ọ̀ṣọ́ máa ń gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò kí wọ́n tó gbẹ ẹ́, nítorí ìyẹ́ ni wọ́n fẹ́. Awọ tí kò lẹ́sẹ̀ ni oníṣòwò ń rà, òun náà ló ń dé Yúróòpù. Àwọn tó wà lọ́hùn-ún wò ó, wọ́n ronú, wọ́n sì rí ìtumọ̀: ẹyẹ tí kò lẹ́sẹ̀ kò lè bà, ó di dandan kó máa léfòó lókè ọ̀run títí tó fi máa kú, ìrì ni yóò máa mu, ẹ̀yìn akọ sì ni abo yóò máa yé ẹyin sí. Ní 1758, nígbà tí Linnaeus ń sọ gbogbo ẹ̀dá lórúkọ ní èdè Látìn, Paradisaea apoda ló pe èyí tó tóbi jù nínú wọn, ìyẹn ẹyẹ Párádísè aláìlẹ́sẹ̀. Orúkọ náà nìyẹn títí dòní. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹyẹ ní ẹsẹ̀, ṣebí ẹni tó pa á ló yẹ kó bi.

Orúkọ kejì tún wà tó jọ wá lójú ju ti Látìn lọ. Wallace sọ fún wa pé àwọn oníṣòwò Malay, tó ń ra awọ wọ̀nyí káàkiri òkun, ń pe ẹyẹ náà ní burong mati. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni òkú ẹyẹ. Àwọn náà kò rí ààyè rẹ̀ rí. Àmọ́ àwọn ará Aru ń pè é ní fanéhan, nítorí pé lójú tiwọn, ẹyẹ tó ń fò ni, tó ń jẹ èso, tó ń ké láàárọ̀ débi pé gbogbo igbó ń gbọ́.

Ọmọ Faransé kan, René Lesson, ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ bí òyìnbó tó kọ́kọ́ rí ààyè rẹ̀ nínú igbó, ní 1824. Ó yà á lẹ́nu débi pé ó gbàgbé láti yin ìbọn. Kò pẹ́ púpọ̀ tó fi rántí o.

Wallace ní tirẹ̀ kì í ṣe ọlọ́rọ̀. Ohun tó ń fi ránṣẹ́ sí Samuel Stevens, aṣojú rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, kó lè bá a tà á fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti àwọn olówó, ló fi ń jẹun. Ó lo ọdún mẹ́jọ láàárín àwọn erékùṣù yẹn, láti 1854 dé 1862, iye ohun tó kó jọ sì jẹ́ 125,660. Ẹyẹ nínú wọn jẹ́ 8,050. Kò sí bí ẹnì kan ṣoṣo ṣe lè dá pa ẹyẹ tó bẹ́ẹ̀, òun náà kò sì dá a ṣe.

Ó dé Dobo, ìlú ọjà Aru, ní oṣù kìíní 1857. Ní oṣù kẹta, Baderoon, ọmọdékùnrin ará Makassar tó ń bá a ṣiṣẹ́, gbé ẹyẹ kan wọlé láti inú igbó. Kékeré ni, kò ju ẹ̀gà lọ. Ó pupa fòò, ó sì ń dán. Ìyẹ́ méjì tó rí bíi wáyà jáde nídìí rẹ̀, wọ́n ká roboto lórí bíi bọ́tìnì aláwọ̀ ewé. Èyí tí wọ́n ń pè ní ọba ẹyẹ Párádísè nìyẹn. Inú Wallace dùn kọjá sísọ. Lẹ́yìn náà ni ìbànújẹ́ dé. Ó rò ó pé láti ìran dé ìran ni ẹyẹ yìí ti ń bí, tó ń kú nínú igbó yẹn láìsí ojú ọlọ́gbọ́n kan tó wo ẹwà rẹ̀; bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ tí àwọn ọ̀làjú bá débẹ̀ tán, wọn yóò ba igbó náà jẹ́, ẹyẹ náà yóò sì parun. Ó parí rẹ̀ sí pé kì í ṣe nítorí èèyàn ni a ṣe dá gbogbo nǹkan.

Ọ̀rọ̀ ńlá ni, pàápàá fún ọdún 1857. A kò fẹ́ fi ojú òní bú u. Àmọ́ nígbà tí a kà á lẹ́ẹ̀kejì, a dúró síbi tó ti ní kò sí ojú ọlọ́gbọ́n tó wò ó. Ojú Baderoon ni ẹyẹ náà kọ́kọ́ bọ́ sí. Àwọn ará Aru sì ti sọ ọ́ lórúkọ tipẹ́: goby-goby ni wọ́n ń pè é, Wallace fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ fún wa. Ta ni í sọ ohun tí kò wò rí lórúkọ?

Ní Wanumbai ló ti wá gbọ́ nípa ijó náà dáadáa. Sácaleli ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Igi ńlá kan á wà nínú igbó tí ẹ̀ka rẹ̀ fẹ̀, tí ewé rẹ̀ kò sì pọ̀ jù, kí àyè lè wà fún ẹyẹ láti na ìyẹ́. Láàárọ̀, akọ méjìlá tàbí ogún á kóra jọ síbẹ̀. Wọ́n á gbé apá sókè, wọ́n á na ọrùn, wọ́n á tú ìyẹ́ wúrà náà sílẹ̀ lókè ẹ̀yìn, wọ́n á sì máa fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, tí gbogbo orí igi á máa mì tìtì. Ọdẹ Aru mọ igi yẹn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti gùn ún, ó ti wọ inú àtíbàbà kékeré tó fi ewé ṣe sáàárín ẹ̀ka, ó ba síbẹ̀ pẹ̀lú ọrun àti ọfà. Orí ọfà náà kò mú. Igi roboto bí ife tíì ni wọ́n fi sí i lórí, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa ba ìyẹ́ jẹ́. Ọmọdékùnrin kan á dúró sísàlẹ̀. Bí ijó bá ti wọ̀ wọ́n lára, ọdẹ á ta, ẹyẹ á já bọ́, ọmọ á gbé e. Àwọn tó kù lókè kò ní fura. Ijó ń gbóná.

Àwòrán iṣẹ́ yìí ni Wallace fi síwájú ọ̀kan nínú ìdìpọ̀ méjì ìwé rẹ̀. T. W. Wood ló yà á: igi, ẹyẹ tó ń jó, ọdẹ tó na ọfà. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i pé ẹyẹ Párádísè ń jó. A bẹ ẹ̀yin òǹkàwé wa pé kí ẹ mú àtíbàbà ewé yẹn dání, a ó tún padà sídìí rẹ̀.

Ẹnì kan tún wà tí a kò gbọ́dọ̀ fò. Ali lorúkọ rẹ̀, ọmọ Sarawak. Ọ̀dọ́mọdé ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí bá Wallace ṣiṣẹ́; oúnjẹ ló kọ́kọ́ ń sè. Nígbà tó yá ó mọ ìbọn yìn, ó mọ awọ bó, ó mọ ọkọ̀ tù, ó sì ń tọ́jú Wallace tí ibà bá dè é mọ́lẹ̀. Ní oṣù kẹwàá 1858, ní erékùṣù Bacan, ibi tí òkú ẹyẹ ti ọdún 1522 ti wá, Ali ti igbó dé pẹ̀lú ẹyẹ tó so mọ́ ìgbànú. Ó na ọ̀kan sí ọ̀gá rẹ̀ pé kó wo ẹyẹ àrà yìí. Ẹyẹ náà ní àwọ̀ ewé títàn láyà, àmọ́ ohun tó ya Wallace lẹ́nu ni ìyẹ́ funfun méjì gígùn tó yọ ní èjìká kọ̀ọ̀kan, tó lè nà wọ́n ró bí àsíá. Irú rẹ̀ kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Ní 1859, George Robert Gray ní Lọ́ńdọ̀nù sọ ọ́ lórúkọ ní èdè Látìn: Semioptera wallacii. Ti Wallace.

Nígbà tí Wallace ń padà sílé ní 1862, ó ra ààyè ẹyẹ Párádísè méjì ní Singapore, ó sì gbé wọn dé ọgbà ẹranko Lọ́ńdọ̀nù láìkú. Aáyán ni wọ́n ń jẹ lójú ọ̀nà. Aáyán tán nínú ọkọ̀, ó di pé Wallace ń wọ ilé búrẹ́dì ní Malta láti lọ kó aáyán. A rò pé ọ̀rọ̀ tó dùn jù nínú gbogbo ìtàn yìí nìyẹn.

Ààyè méjì dé, òkú ẹgbẹẹgbẹ̀rún tẹ̀ lé e. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn obìnrin ọlọ́lá ní Lọ́ńdọ̀nù, Paris àti New York ń fi ìyẹ́ yìí sórí àkẹtẹ̀, nígbà mìíràn odindi ẹyẹ ni. Obìnrin náà ló dìde sí i: ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1889 ló di RSPB tòní, ìjà wọn sì wà lára ohun tó bí òfin 1921 tó ka kíkó ìyẹ́ wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì léèwọ̀. Ọ̀gbẹ́ni ọlọ́rọ̀ kan, Sir William Ingram, gbé ọ̀nà tirẹ̀ gbà. Ní 1909, ó kó ẹyẹ Párádísè láti Aru lọ sí erékùṣù Little Tobago ní ìwọ̀-oòrùn ayé, pé kí wọ́n máa bí sí i níbẹ̀ lábẹ́ ààbò. Wọ́n gbé ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìjì Flora jà ní 1963, ó ba igbó erékùṣù náà jẹ́, ẹyẹ náà kò sì ní gbòǹgbò níbẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá fo ọgọ́rùn-ún ọdún gééré kúrò ní Wanumbai. Ní 1957, David Attenborough àti Charles Lagus tó ń mú kámẹ́rà dé New Guinea láti ya Zoo Quest for the Paradise Birds fún BBC. Ètò Zoo Quest yìí kò ṣàjèjì sí apá ọ̀dọ̀ wa. Sierra Leone ni ìrìn-àjò àkọ́kọ́ rẹ̀, ní 1954, ẹyẹ kan tó ń kọ́ ilé amọ̀ sára àpáta ni wọ́n sì wá lọ. Fíìmù 16mm ni Attenborough àti Lagus ń lò. Ojú ohun ìṣeré ni àwọn àgbà BBC fi ń wò ó nígbà náà, nítorí 35mm ni tiwọn, àmọ́ ta ni yóò ru kámẹ́rà 35mm gun òkè New Guinea?

Ní àfonífojì Wahgi, ẹyẹ Párádísè pọ̀ lórí èèyàn ju orí igi lọ. Tí àwọn ará ibẹ̀ bá ń ṣe ayẹyẹ tí wọ́n ń pè ní sing-sing, ìyẹ́ á dúró lórí ọkùnrin kọ̀ọ̀kan bí òdòdó. Ìyẹ́ yìí kan náà ni wọ́n ń fi kún owó orí ìyàwó. Àwọn méjèèjì tẹ̀ síwájú dé àfonífojì Jimi, ọ̀wọ́ alárùú ń rù wọ́n lẹ́rù. Nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín, wọ́n ya ijó Raggiana, ẹyẹ tí ìyẹ́ rẹ̀ pupa bí iná. Ní dúdú àti funfun ni! Ìmọ́lẹ̀ kò tó nínú igbó, tẹlifíṣọ̀n kò sì tíì ní àwọ̀. Ẹ ronú wò ó: ẹyẹ tí àwọ̀ rẹ̀ ti mú ayé ya wèrè láti 1522, ó jí nínú fíìmù níkẹyìn, ó sì jí ní àwọ̀ eérú. Attenborough ní láti padà lọ; Attenborough in Paradise jáde ní 1996, àwọ̀ pé síbẹ̀, ọ̀pọ̀ irú wọn ló sì wà níbẹ̀. Láàárín ìgbà méjèèjì, Raggiana ti di àmì orílẹ̀-èdè. Susan Karike, ọmọ ilé-ìwé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ló ya àsíá tí Papua New Guinea gbà ní 1971, ẹyẹ náà ń fò lórí rẹ̀.

Àwọn tó wá gba iṣẹ́ náà kanrí ni Tim Laman, ayàwòrán, àti Edwin Scholes, onímọ̀ nípa ẹyẹ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2004, wọ́n parí ní 2011. Ìrìn-àjò méjìdínlógún ni, irú ẹyẹ Párádísè 39, ìyẹn gbogbo èyí tí a kà sí wọn nígbà náà. Báwo ni wọ́n ṣe rí i yà? Wọ́n á ti dìde kí àkùkọ tó kọ. Laman á fi okùn gun igi lọ sókè réré. Á fi ewé bo ara rẹ̀ mọ́ àárín ẹ̀ka, á jókòó láìmira títí oòrùn á fi yọ. Tàbí kó fi ewé wé kámẹ́rà, kó so ó síbi tí ẹyẹ ń jó, kó sì máa darí rẹ̀ láti ibòmíràn. Bó ṣe rí àwòrán rẹ̀ tó lókìkí jù nìyẹn, ní Aru ní 2010: fanéhan lórí ẹ̀ka, ìyẹ́ wúrà ní títú, oòrùn ń yọ lórí igbó lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ ti mọ ohun tí à ń wò. Àtíbàbà ewé Wanumbai ni. Igi kan náà tí ẹyẹ yàn, òkùnkùn ìdájí kan náà, ewé kan náà. Ọfà ló di lẹ́ńsì. Nígbà tí wọ́n sì tún gbé kámẹ́rà sókè ẹ̀ka tí abo Parotia máa ń bà sí, kí ó máa wo ilẹ̀ tí akọ gbá mọ́ láti jó, wọ́n rí i pé ohun tí wọ́n ti ń wò láti ẹ̀gbẹ́ kọ́ ni ijó náà. Láti òkè, orí akọ náà pòórá, ó di roboto dúdú, àyà rẹ̀ sì ń kọ mànà. Ibi tí abo jókòó sí ni ijó náà ti pé.

Ẹyẹ inú fóònù wa ńkọ́? Ó wà lóòótọ́. Ní 2018, àwọn onímọ̀ wọn ìyẹ́ dúdú irú àwọn ẹyẹ yìí, wọ́n rí i pé ó lè gbé tó 99.95 nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ tó bá bà lé e mì. Ìdí nìyí tó fi dà bí ihò lójú kámẹ́rà, tí ọ̀rẹ́ wa fi rò pé kọ̀ǹpútà ni. Ọdún yẹn kan náà ni Scholes àti Laman fi fídíò hàn pé èyí tó wà ní Vogelkop, ìpẹ̀kun ìwọ̀-oòrùn New Guinea, yàtọ̀: abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ bí oṣù, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ dípò kó máa ta pọ́ńpọ́n, igbe rẹ̀ náà yàtọ̀. Ijó wà lára ohun tó fi í hàn pé irú ẹyẹ ọ̀tọ̀ ni. Bí awọ gbígbẹ nìkan bá wà, ta ni yóò mọ̀?

Kámẹ́rà kankan kò dá nìkan rí igi o. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní New Guinea, igi ijó ní olóhun. Bàbá ń fi jogún fún ọmọ. Ní òkè Arfak, àwọn ọdẹ àtijọ́ ni wọ́n ń mú àlejò lọ síbẹ̀ báyìí. Ní Aru, nígbà tí ètò kan wà láti gé igbó lọ bí ilẹ̀ bí ẹní fún oko ìrèké, àwọn ará erékùṣù náà fúnra wọn ló kọ̀ jálẹ̀, tí ìjọba fi fa ọwọ́ sẹ́yìn ní 2014. Bí wọn kò bá kọ̀, fíìmù nìkan ni ìbá kù.

Ohun tó bá wa lọ́wọ́ nìyí. Ní ọdún tó kọjá, a gba ìjálá sílẹ̀ lẹ́nu bàbá ọdẹ kan fún iṣẹ́ àṣetiléwá. Fóònù wa gbà á dáadáa. Nígbà tí a máa kọ ọ́ sílẹ̀, orúkọ àwa mẹ́rin ló wà ní ojú ewé àkọ́kọ́; bàbá di "abẹ́nà ìmọ̀ kìíní" ní ojú ewé tó gbẹ̀yìn. A gba máàkì tó dára. Lẹ́yìn tí a ka ìtàn Ali tán, ọ̀kan nínú wa ṣí fáìlì náà, ó ní ká bi bàbá bóyá ó fẹ́ kí orúkọ òun wà níwájú. A pè é. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé orúkọ tí òun pè lẹ́ẹ̀mẹta nínú ìjálá náà ni a kò gbọ́.

Ní 1862, kí Wallace tó wọkọ̀ padà sílé láti Singapore, ó ní kí wọ́n ya Ali ní fọ́tò, ó sì tẹ àwòrán náà sínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ní 1905. Ní 1907, Thomas Barbour, onímọ̀ nípa ẹranko láti Amẹ́ríkà, wà ní Ternate, erékùṣù tí Wallace ti gbé tẹ́lẹ̀. Bàbá arúgbó kan dá a dúró lójú ọ̀nà. Ó ní Ali Wallace ni òun.